Ẹja koi á yé ẹyin fúnra rẹ̀: iṣẹ́ tó kù sí yín lọ́wọ́

Koi ni ẹja aláwọ̀ mèremère tí à ń sin nítorí ẹwà rẹ̀. Bí akọ àti abo rẹ̀ tó ti gbó bá wà nínú pọ́ńdì kan náà, tí omi sì móoru tó, wọ́n máa yé ẹyin. Ẹ ò ní gún wọn lábẹ́rẹ́, ẹ ò ní tẹ abo níkùn, ẹ ò sì ní pa akọ kí ẹ tó rí àtọ̀ rẹ̀ gbà. Àwọn tó ti sin ẹja àrọ̀ rí ni mo kọ́kọ́ ń sọ èyí fún, nítorí ìbéèrè tí àbúrò mi ọkùnrin tó ń sin àrọ̀ ní Ìkòròdú bi mí nìyẹn: "Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ wo lẹ ń gún wọn?" Kò sí abẹ́rẹ́ kankan. Kí koi yé ẹyin kì í ṣe wàhálà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹyin ọ̀hún ti pọ̀ jù.

Abo koi a máa yé nǹkan bí ẹyin 100,000 lórí kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Èyí tó tóbi jù nínú tèmi, Kohaku funfun alámì pupa tí ọmọ ọmọ mi sọ ní Ìyá Àgbà, á tó kílò 3. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Pọ́ńdì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Chatham, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lítà 9,000 ló gbà, ẹja 7 ló sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá fi 10 kún wọn tí gbogbo wọn sì dàgbà, omi náà kò ní gbà wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léèrè pé kó kọ́kọ́ wá ẹni tó máa gba ọmọ ẹja, kó tó wá ohun tí wọ́n máa yé ẹyin lé. Ìparí oṣù Kẹrin ni mo máa ń bèèrè káàkiri. Àwọn kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n ní pọ́ńdì, òyìnbó tó múlé tì wá náà sì ní ọ̀rẹ́ tó ń sin koi. Iye tí wọ́n bá lọ́wọ́ sí ni mo máa tọ́, màá fi díẹ̀ lé e nítorí àwọn tó máa kú. Ìyókù, ní ẹyin ni àwọn òbí wọn ti máa jẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹ wo ọjọ́ orí ẹja yín. Akọ lè ṣe tán láti ọdún 2, ṣùgbọ́n abo kì í sábà yé ẹyin tó dára kó tó pé ọdún 3 tàbí 4. Bí ẹ bá dúró lókè tí ẹ wo abo tó lóyún ẹyin, ikùn rẹ̀ á yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Akọ á rí tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí dé ìrù. Nígbà tí omi bá ti ń móoru, ẹ fi ọwọ́ tó tutù kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ akọ àti lẹbẹ rẹ̀ méjèèjì tó wà níwájú. Ó máa rí ṣákiṣàki, nítorí àwọn kókó funfun kéékèèké máa ń yọ síbẹ̀ lásìkò ìyẹ́yin. Kì í ṣe àrùn o. Ẹ má da oògùn sómi nítorí rẹ̀. Akọ 2 tàbí 3 tó fún abo kan. Bí akọ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí abo kan ṣoṣo, wọ́n lè lé e dé ibi tí ìpẹ́ á ti máa ṣí lára rẹ̀.

Ìgbóná omi ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Tẹmómítà kan máa ń léfòó nínú pọ́ńdì mi láti oṣù Kẹrin. Bó bá ti ń kọjá 17°C láàárọ̀, mo ti ń múra sílẹ̀, nítorí láàárín 18°C sí 22°C ni wọ́n sábà máa ń yé e. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà nìyẹn. Bí ojú ọjọ́ bá ti gbóná díẹ̀ tí òjò ńlá wá rọ̀, tàbí tí ẹ da omi tuntun sí pọ́ńdì, ó máa ń ta wọ́n jí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, omi tiyín gbóná ju tiwa lọ yípo ọdún, ẹ má fi oṣù tèmi ṣírò tiyín.

Ẹyin koi máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan típẹ́típẹ́. Bí kò bá rí ewé inú omi, á lẹ̀ mọ́ ògiri, á lẹ̀ mọ́ páìpù, á lẹ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ yín kò ti ní tó o. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ohun kan síbẹ̀ fún wọn. Àwọn ilé ìtajà ń ta búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, okùn ọ̀rá lásán sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo máa ń gé okùn náà ní gígùn apá, màá tú fọ́nrán rẹ̀ títí yóò fi máa fì jọwọrọ, màá da omi gbígbóná lé e lórí kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè kú, màá wá so bíi mélòó kan mọ́ igi tó ń léfòó. Ibi tí omi kò ti jìn púpọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí ẹnu pọ́ǹpù. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ kó òkúta ẹlẹ́nu mímú kúrò nínú omi, kí ẹ sì ta àwọ̀n bo ojú pọ́ńdì. Ẹja tí wọ́n bá ń lé lè fò jáde, koríko ni ẹ sì máa bá a lé lórí láàárọ̀.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n máa ń ṣe é. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà èmi àti wọn sábà máa ń ṣe kòńgẹ́. Ní oṣù Kẹfà, ilẹ̀ níbí ti máa ń mọ́ kí aago 5 tó lù. Ẹ máa gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Omi á máa dún gbàù-gbàù, àwọn akọ á máa lé abo yí pọ́ńdì po, wọ́n á máa fi orí gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa tì í lọ sídìí okùn. Nígbà tó bá ń gbọn ìrù lórí okùn yẹn ni ẹyin ń jáde, ojú ẹsẹ̀ sì ni akọ ń da àtọ̀ lé e. Láìpẹ́, ìfófòó á bo ojú omi bí ìgbà tí wọ́n fọ aṣọ níbẹ̀, òórùn ẹja á sì gba ẹ̀yìnkùlé kan. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ má dá wọn lẹ́kun, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe nígbà náà ni kí ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Àwọn ẹyin ni ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré sí bí ariwo bá ti dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sáré sí àwọn ẹja àgbà. Àtọ̀ àti ẹyin tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan á máa jẹrà nínú omi yẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á fa afẹ́fẹ́ inú omi mu, àmóníà, májèlé tó ń wá láti ara ohun tó ń jẹrà, á sì máa gòkè. Omi tó ti móoru kì í lè gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, àmóníà sì máa ń le sí i bí omi bá ṣe ń gbóná. Bí ẹja àgbà á bá kú, òru ọjọ́ yẹn ni. Ẹ bu ìfófòó dànù, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi kan, ẹ fọ fíltà pẹ̀lú omi pọ́ńdì fúnra rẹ̀, ẹ fi ohun èlò ìdánwò wo àmóníà àti nitrite (májèlé kejì tí àmóníà ń dà) láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Omi ẹ̀rọ ilẹ̀ yìí ní klòrín nínú, ní àdúgbò mìíràn chloramine ni wọ́n ń lò. Klòrín máa ń fò lọ bí omi bá wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Chloramine kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lo oògùn tó ń pa méjèèjì, ó ti tán.

Ẹ tún wo abo náà dáadáa. Bí ìpẹ́ bá ṣí lára rẹ̀ tàbí tí lẹbẹ rẹ̀ ya, omi tó mọ́ ló máa kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Bí àwọn akọ kò bá jẹ́ kó sinmi, ẹ gbé e sínú táńkì mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ wá padà sídìí okùn. Ẹyọ kan péré ni mo máa ń mú. Ọmọ mi obìnrin ti bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, ó ní mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn òbí wọn láti jẹ, pé ìkà ni. Mo ní kó gbé ọpọ́n wá, kó kó wọn lọ sílé rẹ̀, kó máa tọ́ wọn. Ó dákẹ́. Okùn kan tó bá kún fún ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lára, ó sì ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ dàgbà lẹ́yìn ilé lọ. Pípa ọmọ ẹja tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nítorí pé kò sáyè le ju kéèyàn fi ẹyin sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ, mo ti sọ èyí fún un náà.

Ọpọ́n tàbí táńkì lítà 200 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Omi pọ́ńdì náà gan-an ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ìgbóná rẹ̀ bá ti ibi tí okùn ti wá mu. Ẹ gbé e sí abẹ́ òrùlé tí oòrùn kò ní pa á, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sí i, ṣùgbọ́n kó máa hó jẹ́jẹ́. Mo máa ń kán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní methylene blue sí i títí omi yóò fi ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Òwú tó ń hù lára ẹyin ló wà fún. Ẹyin tó bá yè máa ń mọ́ gaara, ó sì kéré, ó tó mìlímítà 2. Láìpẹ́, ẹ máa rí àmì dúdú méjì nínú rẹ̀, ojú ọmọ nìyẹn. Èyí tó bá funfun ti kú. Òwú á hù lára rẹ̀, á sì ran èyí tó wà nítòsí, nítorí náà ẹ máa fi nǹkan tín-ín-rín yọ ọ́ kúrò. Ọkọ mi kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ní omi 20°C sí 22°C, ọmọ á yọ láàárín ọjọ́ 3 sí 4. Bó bá jẹ́ 18°C, ó lè tó ọjọ́ 5 tàbí 6. Àbúrò mi fi èyí rẹ́rìn-ín, nítorí pé nínú omi tó gbóná ní Ìkòròdú, ọmọ àrọ̀ ti máa ń yọ ní nǹkan bí wákàtí 24. Ọmọ koi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò ju mìlímítà 5 tàbí 6 lọ. Kò ní lúwẹ̀ẹ́. Á so mọ́ ara okùn tàbí ògiri ọpọ́n fún ọjọ́ 2 sí 3, á máa jẹ oúnjẹ tó gbé wá nínú àpò ikùn rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan nígbà yìí, ńṣe ló máa ba omi jẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gòkè lọ gbé afẹ́fẹ́ mì lójú omi, èyí ló sì ń kún àpò afẹ́fẹ́ inú wọn kí wọ́n lè dúró nínú omi láìrì. Bí ọ̀rá bá bo ojú omi, wọn kò ní lè ṣe é. Mo máa ń fi bébà ìnuwọ́ tẹ́jú omi lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti fà á kúrò.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ni ebi bẹ̀rẹ̀. Pupa ẹyin adìyẹ sísè, tí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún sínú omi, lè gbà wọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àmọ́ ó máa ń tètè ba omi jẹ́. Artemia, ẹ̀dá kékeré inú omi iyọ̀ tó dà bí edé, ni mo gbà gbọ́ jù. Ẹni tó ti ṣe ọmọ àrọ̀ rí mọ̀ ọ́n, oúnjẹ kan náà ni. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 mọ́ lítà omi kan, ẹ da ẹyin Artemia sí i, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i gan-an, ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí 28°C. Bó bá di wákàtí 24, wọ́n á ti pa, wọ́n á sì máa rìn kiri ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí èèpo léfòó, ẹ fa àwọn tó wà nísàlẹ̀, ẹ fi omi lásán ṣan wọ́n nínú asẹ́, kí ẹ tó fún ẹja. Ìgbà 4 tàbí 5 lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ mi ló ń fún wọn. Á máa ṣàròyé, á sì máa fún wọn jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ lè máa fi oúnjẹ ẹja tí a lọ̀ kúnná kún un. Mo tún máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi òjò síta kí tanwíjí lè wà nínú rẹ̀. Nílé, dídà ni à ń da tanwíjí nù; níbí, mo fẹ́ kí wọ́n pọ̀.

Omi ọpọ́n kékeré kì í pẹ́ bàjẹ́. Fíltà fóòmù tó ti wà nínú pọ́ńdì ńlá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kí ẹ gbé síbẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi tuntun lé methylene blue kúrò, nítorí ó lè pa àwọn kòkòrò rere tó ń jẹ àmóníà nínú fíltà. Ẹ má lo pọ́ǹpù tí kò ní fóòmù lẹ́nu, á fa wọ́n wọlé pátápátá. Ẹ máa fi rọ́bà tín-ín-rín fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi omi tí ẹ ti pa klòrín rẹ̀ rọ́pò. Ẹ bo ọpọ́n náà. Lámilámi máa ń yé ẹyin sómi, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi sì ń pa ẹja wẹ́wẹ́ jẹ bó bá ṣe wù ú. Ẹyẹ heron ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kò ní jà fún ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn ìyá wọn ló ń wá, àwọ̀n ló sì gbà á.

Ní nǹkan bí oṣù kan, wọn kò ní dọ́gba mọ́. Díẹ̀ nínú wọn á ti tóbi ju ìyókù lọ, á máa gbé àwọn àbúrò rẹ̀ mì. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Ìgbà yìí náà ni àwọ̀ ń hàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú. Ìyá tó funfun tó ní àmì pupa, bàbá tó ní àwọ̀ mẹ́ta, ọmọ tó yọ rí dúdú-dúdú, tàbí kó ní àwọ̀ ilẹ̀, tàbí kó funfun láìlámì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹja kápù lásán ni baba ńlá wọn. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní agbègbè Niigata ní Japan ló fi sùúrù ṣà wọ́n láti ìran dé ìran, kí àwọn èèyàn Tokyo tó rí wọn níbi àfihàn ọdún 1914. Títí di òní, àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́ níbẹ̀ máa ń ṣà wọ́n léraléra lọ́dún kan, wọ́n á sì mú èyí tó pọ̀ jù kúrò. Pọ́ńdì ẹ̀yìnkùlé tí oríṣiríṣi koi ti ń lé ara wọn kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ní tèmi, ara wọn le.

Èyí tó bá ní ẹ̀yìn wíwọ́ tàbí ẹnu tí kò pa dé, ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́. Òróró kànáfùrù tó pọ̀ tó nínú omi kékeré á mú un sùn, kò ní jí mọ́. Ẹ má da ẹja sí odò tàbí adágún ìjọba. Ní England, ó lòdì sí òfin láìsí ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ Environment Agency. Àrùn kan náà wà tí wọ́n ń pè ní KHV, tó máa ń jà nígbà tí omi bá wà láàárín 16°C sí 28°C. Kò ní oògùn. Òfin sì ní kí ẹni tó bá fura sí i fi tó Fish Health Inspectorate létí. Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi ń da ẹja tuntun pọ̀ mọ́ tèmi lásìkò ìyẹ́yin, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Kí òtútù tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ níta ní ìgbà òtútù rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú gárééjì ni tèmi máa ń wà, nínú táńkì tí mo ń mú móoru sí nǹkan bí 15°C, wọ́n á sì máa jẹun díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Kẹrin.

Oṣù Karùn-ún ni mo ń pín wọn, tí omi níta bá ti móoru. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó kó wọn, kí omi inú ọ̀rá má bàa dọ̀tí lójú ọ̀nà. Ìdá mẹ́ta ọ̀rá kan ni kó jẹ́ omi, kí ìyókù jẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé e sínú páálí kó ṣókùnkùn. Ẹni tó gbà wọ́n á gbé ọ̀rá náà lé ojú omi tirẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ìgbóná méjèèjì lè dọ́gba, á wá fi àwọ̀n kó ẹja náà jáde. Omi inú ọ̀rá, kó dà á sídìí òdòdó.